Àtàǹpàkò Lára Àpáàdì

Ọjọ́ kẹta Àjọ Àgọ́ la gun òkè Lákíṣì.
Eliásáfù ọkọ mi ló ṣíwájú,
Ìwé Mímọ́ lábíyá, ìgò omi lọ́wọ́,
bí ẹni pé Hesekáyà ọba ló rán an níṣẹ́.
Ìyá rẹ̀, Màmá Tsiálà, ń fọ̀pá tẹ̀lé e,
ẹsẹ̀ kan ń bẹ òkúta,
ẹsẹ̀ kejì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ iyanrìn.
Nádábù ń fi eyín pa kóró òdòdó oòrùn,
ó ń tu èèpo láti ẹnubodè títí dé ààfin.
Tẹ́fẹ́lì, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń ka kòkòrò.
Èmi ni mo gbé oúnjẹ.
Ìwé wo ló ń rántí ẹni tó gbé oúnjẹ?

“Ibí ni ará Asíríà ti mọ òkìtì gun odi,”
Eliásáfù na ìka sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.
“Ní ọdún kẹrìnlá Hesekáyà ọba...”
Ó kà á, ó tún un kà.
Oòrùn ń ka tirẹ̀ sí wa lágbárí.
Nádábù bèèrè bóyá wọ́n ń ta áísíkíriìmù nísàlẹ̀.
Màmá Tsiálà bèèrè: “Omi ńkọ́?
Nígbà tí ogun ká wọn mọ́lé,
níbo làwọn obìnrin ti ń pọnmi?”
Ọkọ mi ṣíwèé, ó ṣí i, ó tún ṣí i.
Ọba pọ̀ níbẹ̀. Korobá ò sí.

Àwa fúnra wa la rí kànga náà ní kọ̀rọ̀ odi,
irin bò ó lẹ́nu.
Tẹ́fẹ́lì ju òkúta wẹ́ẹ́rẹ́ sí i.
A dẹtí. A dẹtí títí.
“Kò sí nǹkan kan,” ni Nádábù wí.
“Ó ń lọ,” Màmá ní. “Ó jìn ni.”

Níbi òjìji odi tá a jókòó sí, tí mo ń gé kùkúńbà,
Tẹ́fẹ́lì fìka walẹ̀, ó fa àpáàdì kan yọ,
etí ìkòkò, pupa bí èèpo àlùbọ́sà.
“Màmá àgbà, ẹnì kan tẹ ibí.”
Lóòótọ́ ni. Níbi tí etí ti so mọ́ ara
ihò kékeré kan wà, ó rọra wọnú:
àtàǹpàkò ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kí amọ̀ tó gbẹ.

Màmá Tsiálà nu erùpẹ̀ rẹ̀ sára yẹ̀rì.
Ní Kùtáísì tí wọ́n ti kó wá, nígbà òjò dídì,
báyìí náà ni ìyá rẹ̀ ṣe ń tẹ etí búrẹ́dì pọ̀
kí wàràkàṣì má bàa ṣàn jáde.
Ó ti ìka tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò gbà á.
Mo gbìyànjú tèmi. Kò gbà á.
Ó di ìka Tẹ́fẹ́lì:
ó ṣe rẹ́gí.

Nádábù gbé èèpo ẹnu rẹ̀ mì.

“Ọmọdé ni,” Tẹ́fẹ́lì wí, inú rẹ̀ dùn,
lẹ́yìn náà ó wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí bàbá rẹ̀ fi hàn wá.
“Ṣé ó ríbi sá sí?”
Ọkọ mi mọ ọdún, ó mọ ọba,
ó mọ iye wúrà tí wọ́n fi bẹ̀bẹ̀.
Ó pa ìwé dé,
ó ń wá ìdérí ìgò omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gẹ́tínẹ́tì, ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀, sọ̀kalẹ̀ wá,
ó fọ̀hùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ti ń lé ọmọdé láti àárọ̀:
“Ohun tí ẹ bá rí nílẹ̀, ilẹ̀ ló ni ín.”
Tẹ́fẹ́lì ní kó dúró díẹ̀.
Ó walẹ̀ jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́,
ó tẹ́ ẹ sínú rẹ̀, ó dojú ihò sókè,
kó má bàa rọrùn fún un láti sùn ní ìdojúbolẹ̀.
Ẹ̀ṣọ́ bá a fẹsẹ̀ ti erùpẹ̀ padà.

Nádábù rí áísíkíriìmù rẹ̀.
Nínú ọkọ̀, Tẹ́fẹ́lì sùn sórí itan mi,
eruku pupa lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò rẹ̀.
N kò wẹ̀ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lóru mo jí, mo bá Eliásáfù nídìí iná,
ó ṣí ojú ewé tó kà fún wa.
Létí rẹ̀, ó fi pẹ́ńsù ya òbìrìkìtì kékeré kan.
Kò kọ ohunkóhun sí i.