Oko Orí Iyanrìn

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, ní Ìsánlú-Ìsin níbí,
Ọ̀gá Bámigbóyè a máa ní, "Mẹ́ta lọ́nà mẹ́jọ, mẹ́rìnlélógún.
Kọ mẹ́rin sílẹ̀, mú méjì lọ́wọ́."
Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Mi ò rí méjì kankan níbẹ̀.
Mo bi í pé ọwọ́ wo, ọ̀tún ni àbí òsì.
Pàṣán ló dá mi lóhùn.

Lónìí èmi náà ti di ọ̀gá, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi,
pátákó ti là láàárín bíi gìgísẹ̀ tí ọyẹ́ bá jà.
Mo kó wọn jáde lọ sábẹ́ igi kájú,
ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ojúgun wọn funfun,
mo sì fi ọ̀pá fa ilẹ̀ onígun mẹ́rin sínú iyanrìn.

"Oko rèé," ni mo wí. "Oko iṣu.
Ìlà méjìdínlógún ló wà níbẹ̀,
ebè mẹ́tàlélógún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan.
Ebè mélòó la kọ?"
(Kíkọ kan náà ni, ti ebè àti ti ìwé.)
Oyèkàn ti ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kún tọwọ́.
"Dúró ná. Ta ní í fi ẹnu kan gbé odidi iṣu mì?
A ó gé e."

Mo fa ọ̀pá lóòró: ogún lápá kan, mẹ́ta lápá kejì.
Mo fà á níbùú: mẹ́wàá lókè, mẹ́jọ nísàlẹ̀.
Oko kan di mẹ́rin, ààlà rẹ̀ kò sì dá ìjà sílẹ̀.
Mẹ́wàá lọ́nà ogún, igba.
Ó fẹ̀ débi pé Oyèkàn bọ́ sínú rẹ̀, ó dúró.
Mẹ́jọ lọ́nà ogún, ọgọ́jọ.
Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta wà ní kọ̀rọ̀, ó kéré bí ilẹ̀ opó,
mẹ́rìnlélógún, odidi rẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀,
kò sí méjì tí ẹnikẹ́ni mú lọ́wọ́ sá lọ.

Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta, Àsámáù ló kọ èyí.
Ó fi ìka kọ ọ́, ó fi àmì sí i lórí bí mo ṣe kọ́ wọn:
ọgbọ́n.
Àmì ìsàlẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀.
Mo na ọ̀pá mi kí n pa á rẹ́. Ọwọ́ mi kọ̀.

A kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀: irinwó ó lé mẹ́rìnlá.
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ó parí.

Àsámáù kò pàtẹ́wọ́.
"Tíṣà, ẹ ti gé e jù.
Méjìdínlógún, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń pè é:
ogún ni, méjì ló dín.
Ogún ìlà ni oko bàbá mi lọ́nà Ọ̀wù,
àgbàrá ló gbé méjì lọ lóṣù Agẹmọ."
Ó fa ìlà méjì kún oko mi nísàlẹ̀.
Ogún lọ́nà mẹ́tàlélógún, ọ̀tàlénírinwó.
Ó wá fi àtẹ́lẹsẹ̀ nu méjèèjì kúrò, rọra,
bí ẹni tó ti dúró wo omi níbi tó ti ń ṣe é.
Mẹ́rìndínláàádọ́ta bá àgbàrá lọ.
Ó kù irinwó ó lé mẹ́rìnlá.

Mo ti ń pe méjìdínlógún láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ.
Mi ò gbọ́ ọ rí.

Agogo lù. Wọ́n sá gba orí oko kọjá,
ewúrẹ́ kan tẹ̀lé wọn, ó la àárín igba,
ó tẹ ọgọ́jọ mọ́lẹ̀.
Mo bi Àsámáù bóyá bàbá rẹ̀ ti tún ìlà méjì yẹn kọ.
"Rárá o. Ó ní ká ṣì máa kà á bẹ́ẹ̀ ná:
ogún, ó dín méjì."