Hóró Idẹ

Ní Moradabad, létí odò Ramganga,
èéfín èédú ló máa ń ṣáájú òwúrọ̀ wọ àdúgbò.
Bàbá mi, Mashkoor, na awo idẹ sójú iná
kó lè rọ̀, kó gba ọrùn, kó gba ikùn,
kó di ìkòkò omi fún ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Ti àkọ́kọ́ kò rí iná tó.
Òòlù ẹlẹ́ẹ̀kẹrìnlá bà á, ó ké "kàn!"
ó sì sán láti etí dé ìdí.
Bàbá ò sọ nǹkan kan. Tanzeem ló ń ṣépè.

Ìkejì, Tanzeem lọ mu tíì,
ó gbàgbé idẹ sínú iná.
Ó rọ̀ o! Ibi a tẹ̀ ẹ́ sí ló ń tẹ̀ sí,
ṣùgbọ́n ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki bí èèpo ọsàn:
ọjọ́ mẹ́ta la fi dán an, kò dán.

Èmi Shagufta, tó kàwé irin ní Kanpur,
mo gé etí rẹ̀, mo fi ásíìdì bọ́ ọ lójú,
mo gbé e sábẹ́ awò tí ń sọ kékeré di ńlá.
Bàbá, ẹ wá wò ó.
Idẹ kì í ṣe ọ̀kan. Hóró fẹ̀gbẹ́ ti hóró
bí ilé àdúgbò wa.
Níbi tí hóró bá kéré, ààlà á pọ̀,
ohun tó bá fẹ́ yọ̀ kọjá á kanlẹ̀kùn títí á fi rẹ̀ ẹ́;
idẹ á le, ẹrù á sì kárí.
Bí iná bá pẹ́ jù, hóró ńlá á gbé kékeré mì,
ọ̀nà á là, idẹ á gbọ́ràn sí òòlù,
àmọ́ hóró kọ̀ọ̀kan á yí síbi tó wù ú,
èyí á yọ gọngọ, èyí á jìn,
ojú ìkòkò á sì tú àṣírí wọn.

Bàbá gbójú kúrò lára awò.
Ó mú àfọ́kù méjì nílẹ̀,
ó fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tí wọ́n ti dá.
"Èyí dà bí iyọ̀," ó ní, "èyí dà bí ìyẹ̀fun.
A ò kàn mọ̀ pé ààlà lẹ ń pè é ni."

Ó tún na òmíràn sójú iná.
Kò wo aago. Nígbà tó pọ́n
bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán, ó ní, "Ó tó."
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ìṣẹ́jú méje àti díẹ̀.
Ó ní kí n fi "díẹ̀" yẹn han òun nínú ìwé mi.