Nọ́ọ̀tì Mẹ́ta

Nígbà tí wọ́n pín ogún bàbá wa ní Òkè Fóókò,
Ládépò gba ilé, Mojísádé gba ilẹ̀ Ìdó,
wọ́n wojú mi, wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
wọ́n ní, "Àwẹ̀ró, ìwọ lo kúkú ní mọ́tò,
máa gbé àpò yẹn lọ."

Àpò ìyẹ̀fun ni, ọ́ìlì ti sọ ọ́ di dúdú.
Jáàkì kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́,
sípánà olórí mẹ́rin tó rí bí oríta,
páìpù omi tí wọ́n gé ní ìwọ̀n apá,
pọ́ńpù ẹlẹ́sẹ̀,
àti òkúta méjì.
Òkúta! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Bàbá tó wa ọkọ̀ iléeṣẹ́ omi fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
òkúta ló fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí n dà á nù.
Ó wà ní búùtù, ó ń ráhùn ní gbogbo kòtò Sángo.

Alẹ́ Ọjọ́rú kan, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láti Jẹ́ríkò,
aago mẹ́wàá ti kọjá,
adágún Ẹlẹ́yẹlé dákẹ́ sínú òkùnkùn.
Mo gbọ́ ọ: fùùùù,
bí ẹni tó mí kanlẹ̀ lẹ́yìn ẹkún.
Ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.
Ó tiro, ó tiro, ó fẹ̀gbẹ́ ti koríko.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì. Ìṣó páànù kan
jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ti sanwó ilé.

Mo kúnlẹ̀, mo bá gbọ́ ohùn ọkùnrin náà:
"Kọ́kọ́ já ewé, kó o tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀,
kí ẹni tó ń sáré bọ̀ mọ̀ pé ènìyàn wà níwájú.
Fi òkúta há ẹsẹ̀ tó kù;
ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì kò mọ olówó rẹ̀.
Dẹ nọ́ọ̀tì kó o tó gbé e sókè, Àwẹ̀ró,
ta ní í bá ohun tó ń fì lókè jìjàkadì?"
Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà, lọ́nà Mọ́níyà,
tọ́ọ̀ṣì ni mo dì mú, oorun ń kùn mí.
Mi ò mọ̀ pé mo ń gbọ́.

Nọ́ọ̀tì kọ̀, kò yí.
Mo ki páìpù bọ ọrùn sípánà,
mo fi gbogbo ara mi tẹ̀ ẹ́. Kẹ́!
Ọlọ́kadà kan dúró, ó tanná sí mi lójú.
"Àǹtí, ṣé kò sí ọkùnrin pẹ̀lú yín ni?"
Mo ní, "Ó wà. Inú àpò ló wà."
Kò dúró gbọ́ ìkejì.
Ọkùnrin nínú àpò, létí omi, lóru!
Èmi náà ì bá sá.

Mo fa sípíà jáde, òun náà ti rọ̀ pẹ̀lẹ̀bẹ̀.
Ẹni tí a fẹ̀yìn tì fún ọdún márùn-ún,
a ò bi í rí bóyá ó jẹun.
Mo tẹ pọ́ńpù ní igba ó lé mẹ́rìndínlógún,
aṣọ nọ́ọ̀sì lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn,
àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń bá mi kà á, wọ́n ń ṣì í kà.

Ìgbà tí mo fẹ́ dè é padà, nọ́ọ̀tì ku mẹ́ta.
Ìkẹrin ti yí sí gọ́tà.
Mo fọwọ́ tú ẹrẹ̀: mo rí ìdérí ọtí,
mo rí àjákù ìyarun,
mi ò rí nọ́ọ̀tì.
Ó dáa. Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù.
Mo dè é le, mo sì wa ọkọ̀ dé Ológunẹrú
bí ẹni tó ru omi gbígbóná.

Láàárọ̀, Gàníyù fọkanáísà fa ìṣó náà yọ,
ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tọ́jú ọ̀tá mi.
Mo jù ú sínú àpò, sáàárín òkúta méjì.

Lóṣù tó kọjá, Ládépò pè mí:
òrùlé ilé bàbá wa ti ń jò, kí n wá dá sí i.
Mo ní owó páànù kò sí lọ́wọ́ mi,
ṣùgbọ́n mo ní ìṣó kan.
Kó wá mú un.