Ebè Aláìníṣu

Bàbá mi kọ ebè ní Ìdó, ó fi gbin iṣu.
Èmi ń kọ tèmi lẹ́yìn Mọ́níyà,
katapílà ni ọkọ́ mi, etí ọ̀gbun ni oko mi,
ohunkóhun kò ní hù níbẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín:
"Ebè wo ni wọn kì í gbin nǹkan sí?"
Mo ní, Bàbá, ebè tó ga tó ìdajì táyà típà,
kí táyà tó bá ṣìnà lè rí nǹkan fẹsẹ̀ kọ.

Ọ̀nà ńlá ló wà nínú àwòrán ara ògiri ọ́fíìsì,
tòun ti òdòdó àti iná àárín títì.
Tiwa ni ọ̀nà tí òkúta ń gbà dé ibẹ̀,
amọ̀ pupa àti yangí.
Ọjọ́ tí ọ̀nà ńlá bá parí, a ó tú u ká.

Síbẹ̀, ní ìdájí, kí àwọn típà tó jí,
mo ti wà lórí gíréédà,
mo ń fá a bí ẹni ń fá orí ọmọ tuntun:
kí àárín ga díẹ̀, kí etí méjèèjì dà sílẹ̀.
Omi tó bá jókòó lójú ọ̀nà,
ó ń dúró de ẹnì kan ni.

Sùnmọ́nù ló ń wa ọkọ̀ omi.
Bí ó bá wọ́n ọn kéré, eruku á bo ojú;
bí ó bá wọ́n ọn jù, ilẹ̀ á yọ̀ bí ilá.
Ṣìfáwù dúró ní kọ́nà pẹ̀lú àsíá pupa,
ìbòrí rẹ̀ lábẹ́ akoto.
Ẹni tó ru ẹrù ló lọ̀nà; ẹni tó ṣófo, dúró.
Ẹnjiníà pàápàá dúró lọ́jọ́ kan,
ó ń wo aago, ó ń pòṣé.
Ṣìfáwù ń wo òkè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Agẹmọ,
òjò ti pa òkè náà mọ́jú.
Látúndé ń sọ̀ bọ̀ pẹ̀lú ẹrù òkúta,
bíréékì kọ̀.
A gbọ́ fèrè rẹ̀, ó ń han gooro, kò dákẹ́.
Ṣìfáwù ju àsíá nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé wa kúrò lọ́nà.
N kò lè sọ ohun tó wà láàárín.
Ohun tí mo rí ni típà tó ti imú bọ ebè
bí ẹlẹ́dẹ̀ tó ń wá iṣu,
táyà ń yí lófìfo,
ọ̀gbun ń wò ó láti ìsàlẹ̀.

Látúndé sọ̀ kalẹ̀. Kò dúpẹ́, kò sunkún.
Ó jókòó sórí ebè, ó bọ́ bàtà kan,
ó gbọn yangí inú rẹ̀ dànù,
ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní omi.

Kò sí ìwé ìròyìn tó gbọ́.
Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ní orúkọ.
Lọ́sàn-án, mo gun katapílà padà, mo tún ebè náà kọ,
mo fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún gíga rẹ̀.

Oṣù tó ń bọ̀, wọn á ní kí n tú u. N ó tú u.

Bàbá mi bi mí lálẹ́ àná
kí ni mo kórè lọ́dún yìí.
Mo ní, Látúndé.