Apá Ọ̀tún Iwájú

Mùdáṣírù tẹ́ apá méjì síwájú mi
ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, ní Ìdúmọ̀tà.
Ọ̀kan dúdú, ike ni, ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀gúsí.
Ọ̀kan búlúù, àlúmínọ́mù ni, ó ń dán yinrin,
ó tutù lọ́wọ́ bí omi àmù láàárọ̀.
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó bá wù yín.
Ike, ẹgbẹ̀rún méjì ni méjì.
Èyí tó ń dán, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ni ẹyọ kan,
ṣùgbọ́n ẹ ò ní tètè padà wá."

Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà?

Èmi tí mo ti ń fi àlúmínọ́mù jẹun láti ọdún mọ́kànlélógún,
tí mo ti gbé fèrèsé sí ìdajì ilé tó wà ládùúgbò wa ní Òkè Pópó,
ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè èyí tí mo mú.
Mo sanwó. Mo dè é mọ́ ọkọ̀ rìmóòtù Rislátù,
súkúrù mẹ́rin, gírísì díẹ̀ lórí ìka.
Ọmọ náà yí i wò, ó rẹ́rìn-ín:
"Bàbá, ó ti wọ ẹ̀gbà ọwọ́."

Lọ́jọ́ Sátidé, ní Káńpọ́ọ̀sì,
nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ká bàtà wọn nílẹ̀,
àwọn ọmọ to búlọ́ọ̀kù, wọ́n gbé pákó lé e.
Ọkọ̀ sáré gun pákó, ó fò,
ó fi èjìká ọ̀tún sọlẹ̀ létí gọ́tà.
Mo gbọ́ ìró kan tí n ò fẹ́ràn.
Apá tí mo rà kò ṣẹ́, ọ̀dà rẹ̀ ò tilẹ̀ bó.
Ṣáàsì tí a dè é mọ́ ló là,
ihò súkúrù já bọ́ bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.

Rislátù ò sunkún. Ó kàn béèrè ni:
"Èyí tó forí gbá gọ́tà kọ́ ló fọ́.
Kí ni ṣáàsì ṣe?"

N ò dáhùn. Mo fa ṣòkòtò sókè,
mo fi àpá ẹsẹ̀ mi hàn án,
níbi tí wọ́n ti ki irin bọ̀ mí ní Ìgbóbì
lọ́dún tí àkàbà yọ̀ lábẹ́ mi ní Sùúrùlérè.
Irin yẹn ò dùn mí rí.
Orúnkún tó múlé tì í ló ń ké lóru ọyẹ́.
Ohun tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ̀,
aládùúgbò rẹ̀ ní í bá a jẹ̀yà.

Mo padà sí Ìdúmọ̀tà kí ọ̀sẹ̀ tó pé.
Mùdáṣírù ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.
Ó mú ike dúdú, ó tẹ̀ ẹ́ títí orí fi ń wá ìdí,
ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó nà padà, pọ́n-ún!
"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìyí, ó ṣubú lu àwo, àwo ò fọ́.
Tó bá sì kú, ẹgbẹ̀rún kan la ó fi sin ín.
Ẹ gbé èyí tó ń dán lọ síbi tí iná ti ń mú,
ìdí ẹ̀ńjìnnì, kó máa fa ooru jáde;
ike ibẹ̀ a máa yọ́ bí òrí.
Bẹ́ẹ̀ náà ni ọrùn táyà, kó má máa gbọ̀n bí a bá ń yí i."
Mo ra gbogbo rẹ̀. Ó dín mi ní igba náírà.

Iná ti lọ báyìí. Fóònù ni mo fi ń ríran.
Ṣáàsì tuntun di oṣù tó ń bọ̀;
wáyà àti gọ́ọ̀mù ni mo fi so ti àtijọ́.
Rislátù ti sùn, rìmóòtù wà láyà rẹ̀.
Mo de apá dúdú, n ò fún súkúrù rẹ̀ pa.
Apá búlúù ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ṣòro jù sínú pàǹtí.
Mo fi ti fèrèsé ilé ara mi
tó ti ń gbá paa láti Ọdún Iléyá,
tí ìyá Rislátù ti bẹ̀ mí títí, ó ti dákẹ́.
Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń wọlé.
Fèrèsé ò mì.