Igbá Wàrà Lóṣù Ọ̀wàrà

Aago kan ààbọ̀ òru. Amílẹgbẹ́ ti sùn.
Mo tan jẹnẹrétọ̀ fún èèyàn mẹ́ta:
èmi, Bàbá Sùlú tó ń ṣọ́ ilé epo,
àti ọmọkùnrin kan tí fóònù rẹ̀ ò tíì kún.
Lánàá, nígbà bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, àga ò gbà wọ́n,
wọ́n jókòó lórí kéèsì mínírà dé ojú títì.
Lálẹ́ yìí, ìdíje ńlá besibọ́ọ̀lù,
ọjọ́ keje, èyí tí kò ní ọ̀la mọ́,
ọmọ náà bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kíríkẹ́ẹ̀tì nìyí?"

Ẹ má bínú, Tíṣà Jìnádù.

Ẹ̀yin lẹ gbé e dé Òkèlele.
Ẹ kàwé ní Òhàyó, ẹ gbé àpótí ìwé bọ̀
àti bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, funfun bíi wàrà òwúrọ̀,
tí wọ́n fi òwú pupa rán.
Ẹ ní ká ka ojú òwú náà.
A kà á bí ẹni ń fa tẹ̀sùbáà:
mẹ́jọlélọ́gọ́rùn-ún.
"Tẹ̀sùbáà ńkọ́?" Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún.
"Mélòó ló fi jù ú lọ?" Mẹ́sàn-án.
"Mẹ́sàn-án lẹ máa jẹ́ lórí pápá,
ìpele mẹ́sàn-án lẹ máa gbá. Ẹ lọ fọwọ́."

Ní ìlú táwọn baba ti ń lọ irin,
igi lẹ̀yin ń gbẹ́: igi ayìn, ó wúwo bí ọ̀rọ̀ àna.
"Ẹ gbá a, ẹ fi ilé sílẹ̀,
ẹ yí ká, ẹ sáré padà wálé.
Ilé làbọ̀ ìsinmi oko.
Ta ló ní òyìnbó ló ni eré yìí?"

Lóṣù Ọ̀wàrà, bí àrọ̀kúrò bá ń rọ̀,
etí yín a lẹ̀ mọ́ rédíò;
ohùn a dé, ohùn a lọ,
bí ẹni ń pe ni láti òdìkejì odò Asà.
Láàárọ̀, dípò ìṣirò, ìtàn ni:
pé ọ̀sán gangan ni wọ́n ń gbá a tẹ́lẹ̀,
akọ̀wé a fi rédíò pamọ́ sábẹ́ tábìlì,
ọ̀gá a ṣe bí ẹni tí kò gbọ́,
torí òun náà ń gbọ́;
pé wọ́n ní àwọn mẹ́jọ kan gba rìbá, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi;
pé ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí aláwọ̀ bíi tiwa tẹ pápá.
Níbẹ̀ lẹ ti máa ń nu dígí ojú yín.
"Ìdíje Àgbáyé ni wọ́n ń pè é.
Àgbáyé. Wọn ò sì pe Òkèlele."

Ẹ bá dá tiwa sílẹ̀.
Òkèlele àti Pàkátà, ẹ̀ẹ̀meje,
igbá wàrà kan fún ẹni tó bá borí.
Ní ọdún kẹta, èrò kún dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

Lẹ́yìn náà, n ò mọ ọdún tó jẹ́.
Kò sẹ́ni tó lé wa. Ẹnì kan ra díìṣì,
ó so ó mọ́ òrùlé, a bẹ̀rẹ̀ sí í dín.
Mẹ́sàn-án di méje, méje di èmi àtẹ̀yin,
ẹ̀ ń ju bọ́ọ̀lù sí mi nírọ̀lẹ́,
èmi ń yọjú wo aago.

Wọ́n ní lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín pàápàá,
wọ́n gbé e sí òru kí èrò lè pọ̀,
àwọn ọmọdé sì sùn kó tó parí.
Ọdún kan, wọ́n jà nítorí owó, wọn ò gbá a rárá.
Ẹ̀yin rò pé rédíò ló bàjẹ́,
ẹ pààrọ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀mẹta.

Èmi náà rèé, díìṣì ni mo fi ń jẹun.
Bọ́ọ̀lù yín wà lórí tẹlifíṣọ̀n;
òwú rẹ̀ ti já. Bí a bá kà á lónìí, kò pé.

Bàbá Sùlú ti ń hanrun.
Fóònù ọmọ náà kún látìgbà ìpele kẹfà.
Kò lọ. Ó na ìka sí ẹni tó dúró níbùdó kẹta.
"Kí ló dé tí ìyẹn ò sáré wálé?"

Mo sún bẹ́ǹṣì sí i.