Eyín Ẹ̀yìn

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kílò ó lé ogójì,
gbogbo ọkọ̀ náà nìyẹn:
páìpù irin, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́,
ìjókòó méjì tí kò ní tìmùtìmù,
ẹ́ńjìnnì tí a tú lára mọ́tò tí igi wó lù.
Àbúrò mi Idwal ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀
kó tó kó lọ sí Kánádà.
Ó fi egungun ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi, àti sípánà mẹ́tàlá.
Kò fi ìwé kankan sílẹ̀.

Òjò Blaenau kì í tètè dá.
Ó ń kan òrùlé olókùúta pẹlẹbẹ
bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé.
Lóru, mo ń ṣe búrẹ́dì.
Láàárọ̀, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ mi
tí mo ti ń rá wọ abẹ́ ọkọ̀.

Dífírẹ́ńṣà tí Idwal gbé síbẹ̀ kéré.
Mo ní, ọkọ̀ fúyẹ́, kí ni yóò ṣe é?
Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.
Òótọ́ sì ni, fún oṣù mẹ́rin gbáko.
Bí mo bá tẹná jù, tayà á yọ̀ lórí ọ̀dà tútù,
á yí lófìfo, á ké,
eyín inú irin á sì rí ààyè mí.
Àánú ni yíyọ̀ náà.
Mi ò mọ̀ pé mò ń gbà á.

Mo wá ra tayà rírọ̀, ti eléré ìje,
tó ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí oje igi.
Sátidé kan, ilẹ̀ gbẹ. Ìdíje gígun òkè.
Àsíá lọ sílẹ̀, mo tú kílọ́ọ̀ṣì lójijì,
tayà kò yọ̀.
Kàá!
Ẹ́ńjìnnì ń sáré, èmi ò kúrò lójú kan.
Ọ́ìlì dúdú ń kán tó, tó, tó.
Nínú rẹ̀ ni mo ti ṣa eyín mẹ́ta.
Mo fi wọ́n sábẹ́ ìrọ̀rí lálẹ́ ọjọ́ náà,
bí wọ́n ti ń ṣe fọ́mọ tí eyín rẹ̀ ká níbí.
Ilẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó fi owó rọ́pò wọn.

Eurof, tó ń ta àlòkù irin, rẹ́rìn-ín.
“Ti lọ́rì nìyí, Tegwen. Yóò sin ọ́, yóò sin ọmọ rẹ.”
Mo gbé e. Àbí òun ló gbé mi?
Mo gbé e ka ìwọ̀n tí a fi ń wọn ara nílé ìwẹ̀:
kílò mọ́kàndínláàádọ́ta.
Ọdún méjì ni mo fi ń gé irin kúrò, gíráàmù kan, gíráàmù kan,
kí n wá so àpáta mọ́ ìdí labalábá?
Bó bá ko gegele, ìdí yóò máa fò,
bí ọmọ tó wọ bàtà bàbá rẹ̀ sáré.

Ẹ́ńjìnnì ń tì, ilẹ̀ ń dì í mú;
àárín àwọn méjèèjì leyín wà.
Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè agbára ẹ́ńjìnnì nìkan,
ẹ béèrè ohun tí tayà lè dì mú pẹ̀lú.

Èyí tí mo mú wá láti ara takisí àtijọ́ kan.
Kílò mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Eyín rẹ̀ fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìbú ìka kan,
ọ̀pá rẹ̀ ki.
Àádọ́rùn-ún pọ́n-ùn, àti búrẹ́dì méjì tó ṣì gbóná.

Idwal pè. “Eyín mélòó ló ní?”
Mo ní mi ò tíì kà á.
Ọkọ̀ wà lórí jáàkì, tayà méjèèjì ẹ̀yìn lófuurufú.
Mo fi ọwọ́ yí tọ̀tún síwájú.
Tòsì rọra yí sẹ́yìn,
láìsí ariwo kankan.